Orin Ìsàlẹ̀ Ìwé

Ewì lẹ mọ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Inú ìwé ètò ìsìnkú ni ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Abúlé Òkúta. N kò ní dárúkọ wọn níbí, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ṣe ní Ṣómólú fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin náà kúkú mọ Ṣómólú, ibẹ̀ ni tẹrú-tọmọ ní Èkó ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú. Bàbá yìí kì í ṣe olórin, wọn ò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin kankan. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ tonic sol-fa nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kọ orin tiwọn sínú ìwé àjákọ. Àwọn ìwé náà ti pé mọ́kànlá báyìí.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe rèé. Bí àwọn olókùú bá gbé ètò ìsìnkú wá pé kí wọ́n bá àwọn tẹ̀ ẹ́, tí àyè bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìwé, Bàbá á mú ọ̀kan nínú orin wọn, wọ́n á fi dí àyè náà, ọ̀rọ̀ àti sol-fa rẹ̀, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n rí. Àwọn tó ni òkú rò pé inú ìwé orin mímọ́ ló ti wá. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò wá tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe orin, àwòrán òdòdó ni àwọn ìbá fi síbẹ̀, ṣé òdòdó wá sàn ju orin lọ ni?

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan ṣá, wọ́n gbé páálí ìwé tó ṣẹ́ kù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe ìsìnkú. Àwọn ẹbí ti gba díẹ̀ ṣáájú ní ọjọ́ mélòó kan. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí, orin wọn ni wọ́n gbọ́ tí kwáyà ń kọ! Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé: tírẹ́bù, áátò, tẹ́nọ̀, báàsì. Ó jọ pé ọ̀gá akọrin ibẹ̀ ti rí sol-fa náà, ó sì ti kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Bàbá dúró síta pẹ̀lú páálí lórí títí orin náà fi parí. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn máa gbọ́ báàsì tí àwọn kọ, torí pé nínú ilé, ẹnu kan ṣoṣo ni àwọn ní.

Ọ̀rọ̀ "ẹnu kan ṣoṣo" yìí ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi akéwì, bí mo bá kọ ewì tán, mo lè dìde kí n ké e, kò ju ká rí ẹni tó máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orin olóhùn mẹ́rin, tí kò rí ẹni mẹ́ta kún ara rẹ̀, ìwé lásán ló ṣì kọ. Báwo wá ni àwọn tí orin kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn ṣe ń rí ojúlówó olórin tó máa gbé orin wọn jáde, débi tí yóò wọ inú àwo? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ fún yín yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí sol-fa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé dò, re, mí ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn. Obìnrin olùkọ́ kan ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ló gbé irú ọ̀nà ìkọrinsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láyé ọjọ́un, kí àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Curwen tó tún un ṣe, tó sì tàn án káàkiri fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi àti àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rówó kọ́ orin. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e wá sí Áfíríkà. Kò wọ́n, kò sì ṣòro. Lẹ́tà lásán ni, d, r, m, pẹ̀lú àmì kéékèèké láàrin wọn. Atẹ̀wé tó bá ti ní lẹ́tà ABD lè tẹ̀ ẹ́. Èyí tí àwọn òyìnbó ń kọ sórí ìlà márùn-ún, tó ní orí tó sì ní ìrù, ìyẹn kì í ṣe ọmọdé iṣẹ́.

Kí ni tèmi níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gìtá fi ohùn sí ewì mi kan lọ́dún tó kọjá. Mo kọ "ìgbà ń lọ" sínú ewì náà. Ohùn tí ó fún un gòkè níbi tó yẹ kó rẹlẹ̀, ohun tí gbogbo yàrá sì gbọ́ ni "igbá ń lọ". Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń bi mí pé níbo ni igbá ọ̀hún ń lọ, ṣé ẹ̀kọ ló wà nínú rẹ̀ ni àbí ẹ̀wà. Mo gbé e tọ Bàbá lọ. Wọn ò tilẹ̀ wá dùùrù. Wọ́n kàn sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá kọ d d m r sábẹ́ rẹ̀. Ó parí!

Ìjà igbá àti ìgbà yìí ti pé lọ́rùn Yorùbá. Nígbà tí wọ́n tú orin mímọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ohùn ọ̀rọ̀ wa á sì máa ṣubú lu ara wọn. Ẹni tó ń kọrin mọ ohun tí òun ní lọ́kàn, torí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ níta ni kó máa fọkàn wádìí.

Ní Èkó ìgbà náà, àwọn Sàró àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn fẹ́ràn àríyá orin tí wọ́n ń pè ní concert. CMS Grammar School wà lára ibi tí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, ilé-ìwé tí Alùfáà T. B. Macaulay bẹ̀rẹ̀ ní 1859. (Òun náà ló wà ní Bàrígà wa níbí. 1959 ni wọ́n kó o wá láti Erékùṣù Èkó.) Wọ́n ní atẹdùùrù kan, Robert Coker, tí wọ́n sọ ní Mozart Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àwọn ọdún 1880 wọ́n sì ti ń kọ orin Handel l'Ékòó níbí. Ó dùn mọ́ mi láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Handel ti kú ní 1759, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé kí Grammar School tó ṣí. Kò sí nínú ẹni tó ń retí kí wọ́n gbọ́ orin òun fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń retí náà rí àyè nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ. Ní 1891, àwọn kan ya kúrò, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀. Ní 1901, àwọn mìíràn tún ya, African Church nìyẹn. Wọ́n fẹ́ fi ìṣe àti ohùn ilẹ̀ baba wọn sin Ọlọ́run. Àwọn tó dúró sínú ìjọ àtijọ́ pàápàá kò lè di etí. Báyìí ni ẹni tó bá lè fi ohùn Yorùbá ṣẹ̀dá orin ṣe di ẹni tí wọ́n ń wá, ìbáà kàwé orin, ìbáà má kà á.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù lọ ni Alùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá. 1855 ni wọ́n bí i. Oníwàásù ni, olùkọ́ sì ni. Orin ló fi ń kó èèyàn jọ kó tó wàásù fún wọn, ohùn tí àwọn ará ìlú sì ti mọ̀ ló fi ń gbé orin náà kalẹ̀. Ní 1922, ó wà ní London. Ilé-iṣẹ́ Zonophone gbà á sínú sítúdíò, ó sì kọ orin 43 fún wọn lédè Yorùbá, dùùrù ń bá a lọ lábẹ́. Ẹni ọdún 67 ni nígbà náà! Ẹ fojú inú wò ó: àlùfáà àgbà láti Ẹ̀gbá, ó ń kọ orin tí ó ṣe fún àwọn ará oko sínú ẹ̀rọ àwọn òyìnbó tí wọn ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó kú ní 1930, àwo wọ̀nyẹn sì kù lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá wá a dáadáa máa gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n bí kí Grammar School tó ṣí. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù nínú mólúè tó ń lọ sí Yábàá, ariwo kọńdọ́kítọ̀ ò sì jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ tó.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1923, Zonophone yìí kan náà, ní London yẹn kan náà, gba orin ẹlòmíràn sínú àwo. Sol Plaatje, òǹkọ̀wé láti South Africa, ló kọ ọ́, Sylvia Colenso sì ta dùùrù. Orin náà ni Nkosi Sikelel' iAfrika. Enoch Sontonga ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1897, olùkọ́ ilé-ìwé míṣọ́n nítòsí Johannesburg, tó tún jẹ́ ọ̀gá akọrin. Sol-fa ló fi ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní 1905, ọdún 18 kí àwo yẹn tó jáde. Lónìí orin náà wà nínú orin orílẹ̀-èdè South Africa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé àjákọ tí ó kọ àwọn orin rẹ̀ yòókù sí ti sọnù.

Mo ka ibi yìí fún Bàbá ní ilẹ̀kùn ilé wọn, níbi tí wọ́n ti máa ń gba atẹ́gùn. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa orin orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ló sọ ìwé náà nù?"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìgbà náà ni ojú mi là sí ohun tí mò ń wá. Kò pọn dandan kí aṣẹ̀dá orin jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tó pọn dandan ni pé kí ẹni tó lẹ́nu, tó lọ́wọ́, wà nítòsí rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí. Ní Èkó, ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù ni àga àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wo T. K. E. Phillips. Wọ́n bí i ní 1884, ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London láti 1911 sí 1914. Nígbà tó padà dé, ó di atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, kò sì gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí di 1962. Ọdún 48 lórí àga dùùrù kan! Ní 1953 ó tẹ ìwé kan jáde, Yoruba Music, nínú èyí tó ti ṣàlàyé bí orin Yorùbá ṣe ń rìn, ó sì takú pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ igbá àti ìgbà náà ni, kò sí òmíràn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Marina ni Fẹlá Sówándé ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni Ayọ̀ Bánkọ́lé gbà kọjá.

Ẹni tó bá ń bínú pé àwọn olórin ńlá kì í wojú mẹ̀kúnnù, kó gbọ́ ti Sówándé. Olùkọ́ kan wà ní Akropong ní Gánà, Ephraim Amu, tí wọ́n lé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní 1933 nítorí pé ó gbé aṣọ ìbílẹ̀ àti orin ìbílẹ̀ wọ inú ìjọ. Sówándé mú ohùn orin kan tí Amu ṣe, ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ African Suite tó kọ ní 1944 fún àwọn onífáyólìn àti háápù. Decca gbà á sínú àwo. Bí orin olùkọ́ tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ṣe dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti ta fáyólìn nìyẹn. Ìpín tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí, Akinla, wá di orin àmì ètò kan lórí rédíò CBC ní Kánádà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Kánádà tó ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ni ín?

Ti Bánkọ́lé ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. 1935 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Guildhall ní London, ó lọ sí Cambridge, ó tún dé Amẹ́ríkà. Ní 1969 ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka níbí, ní School of African and Asian Studies. (Ẹ wo orúkọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa dáadáa, Áfíríkà àti Éṣíà ṣì wà níbẹ̀.) Ọkùnrin yìí lè kọ orin tó le bí òkúta, èyí tí atẹdùùrù Cambridge máa làágùn kó tó ta á. Ṣùgbọ́n kò sí àwọn onífáyólìn ogójì l'Ákọka. Kí ló ṣe? Ó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama jọ, ó pè wọ́n ní Choir of Angels. Ó dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì. Ó wá ń kọ orin tó bá agbára wọn mu. Mo gbóríyìn fún un níbẹ̀ ju ibi tó ti le lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló ní, àwọn ló kọ ọ́ fún.

Ní 1976 wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni wọn ò tíì tẹ̀ nígbà náà, ìwé àfọwọ́kọ ni.

Alùfáà A. T. Ọlá Olúdé, ìyẹn ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó gbé ìlù wọ inú orin ìjọ, n kò ní pẹ́ lórí tirẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀kan nínú orin rẹ̀ wà nínú ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì ti Amẹ́ríkà tó jáde ní 1989. Ìwé ló gbé tirẹ̀ rìn, kì í ṣe àwo.

Ó wá ku àwa. Bàrígà tí à ń gbé yìí kì í ṣe ibi tí orin ti wọ́n. Ọlámídé dàgbà níbí, 9ice náà dàgbà ní sàkání yìí. Sítúdíò pọ̀ bí ilé ìgẹrun. Ọmọkùnrin tó ní ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu kò nílò onílù mọ́, kọ̀ǹpútà á lù ú fún un. N kò bẹnu àtẹ́ lù ú o, èmi náà ń jó o. Ṣùgbọ́n olóhùn mẹ́rin ńkọ́?

Ní oṣù kejì ọdún yìí, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta dá owó jọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà, ká lè gba orin Bàbá sílẹ̀, èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn. Akọrin méjìlá la rí nínú kwáyà ìjọ wọn. A tún rí ọmọbìnrin kan tó ń ta fáyólìn, òun ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Kò mọ sol-fa kà! Orí ìlà márùn-ún nìkan ló mọ̀. Bàbá náà ò sì mọ ti ìlà márùn-ún. Odindi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó, Bàbá ń kọ ọ́ lẹ́nu, ọmọbìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí ẹyọ ohùn kan tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá nínú ìwé.

Nígbà tá a dé sítúdíò, wàhálà mìíràn dé. Yàrá tí wọ́n ti ń kọrin kò gbà ju ẹni méjì lọ. Ọmọkùnrin tó ni ibẹ̀ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé lọ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun á pa á pọ̀. Àwọn tẹ́nọ̀ tó jẹ́ pé etí báàsì ni wọ́n fi ń ríran, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ọmọkùnrin náà ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, kọ̀ǹpútà máa tún un ṣe." Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Ó na gbogbo ohùn gbọnrangandan. Ibi tí ohùn ti ń yọ́ gòkè nínú ọ̀rọ̀ "ìlú", ó gé e, ó di "ìlù". Bàbá bọ́ gbohùngbohùn etí náà kúrò, wọ́n gbé e lélẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Iye tí a jẹ ọ́ dà?"

Ìdajì owó wa ti lọ. Inú gbọ̀ngàn ìjọ la padà gbà á sílẹ̀, ní aago mọ́kànlá òru, lẹ́yìn tí ẹlẹ́rọ ata ti sùn, tí a sì ti bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ wọn fún wákàtí kan. Gbohùngbohùn méjì péré. Akọrin méjìlá dúró yíká bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a kọ ọ́. Ìkẹrin ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá kan gbó ní ìparí rẹ̀.

Bàbá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú wọn dì. Wọ́n ní tẹ́nọ̀ yà díẹ̀ ní ìlà kẹta. Ọ̀kan nínú wa wá bi wọ́n pé orúkọ wo ni ká kọ sí i. Wọ́n ní ká kọ àkọlé orin nìkan, bí wọ́n ṣe ń ṣe látọjọ́ pípẹ́. Mo sọ ti Sontonga fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́: orúkọ, orúkọ bàbá, ìlú. Wọ́n ní kí n má gbé e sínú ìwé kankan ṣáájú kí ìjọ wọn tó gbọ́ orin náà lọ́jọ́ Ìkórè. Ìyẹn ni ẹ ò fi rí i níbí.

Orin mìíràn ṣì wà nínú ìwé mọ́kànlá náà. Mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n wà nínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mẹ́ta ni a ti yàn pé a ó gbà sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Akọrin tírẹ́bù pọ̀ lọ́wọ́ wa, báàsì náà sì tó. Tẹ́nọ̀ ni ò tó. Ẹni tó bá lè kọ ọ́ nínú yín, kódà bí kò bá mọ sol-fa, kó wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣe ìdánrawò. Bàbá máa ń tètè dé.